Àrokò fún Àwọn Oníbodè Ara

Ẹni tí kò gbọ́ èdè Yorùbá kò lè ka àrokò Yorùbá. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ ń wí fún un pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí i, nítorí pé ẹfà ni orúkọ iye owó náà, fífà ni ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá fi owó kan náà lé àjèjì lọ́wọ́, owó lásán ni yóò rí. Bí a bá sì so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí a kojú wọn sí ara wọn, ọ̀rẹ́ ni. Bí a bá kẹ̀yìn wọn sí ara wọn, ìjà dé. Irú iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́místrì kan ti ń ṣe láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ń fi èròjà tí ojú kò lè rí pa àrokò, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣọ́ ibodè ara ènìyàn.

Oríṣi ìṣọ́ méjì ni ó wà nínú ara. Ọ̀kan ni ìṣọ́ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́: bí àrùn kan bá ti bá a jà rí, yóò dá a mọ̀ nígbà tí ó bá tún padà wá. Lórí ìrántí rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára gbé ẹsẹ̀ lé. Èkejì ni ìṣọ́ àbínibí, tí kì í dúró de ẹ̀kọ́ kankan kí ó tó jà. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ojú kékeré wo ìṣọ́ àbínibí yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yé wọn. Bí a bá yọ èròjà kan lára kòkòrò àrùn, tí a fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, tí a sì fi gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà ara kì í kà á sí. Láti 1926, nígbà tí Alexander Glenny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi álọ́ọ̀mù kún abẹ́rẹ́ wọn, àní irú álọ́ọ̀mù tí a ń fi sínú omi kí ó lè tòrò, ni ó ti di àṣà pé kí a wá nǹkan kan mọ́ ọn kí ara tó lè jí.

Ní 1989, Charles Janeway ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní ìṣọ́ àbínibí ni àfikún wọ̀nyí ń jí, àti pé bí ìyẹn kò bá jí, ìṣọ́ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kò ní mọ̀ pé ogun dé. Ó ní àwọn oníbodè kan gbọ́dọ̀ wà lára sẹ́ẹ̀lì, tí ń wo àmì tí ó wà lára kòkòrò ṣùgbọ́n tí kò sí lára ènìyàn. Àbá ni, kò ì tí ì sí ẹ̀rí. Kantíkantí ni ó kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá. Ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ní 1996, Bruno Lemaitre àti Jules Hoffmann pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé bí jíìnì tí a ń pè ní Toll bá bàjẹ́ lára kantíkantí, irú ohun tíntín tí ń mú oúnjẹ bu a máa hù bò ó, a sì pa á. (Ọ̀rọ̀ èdè Jámánì ni Toll, ohun ìyanu ni ìtumọ̀ rẹ̀.) Nígbà tí ó di 1998, Bruce Beutler ní Amẹ́ríkà rí ìbátan Toll lára eku, èyí tí ń dá ọ̀rá ara bakitéríà mọ̀. Lára ènìyàn, mẹ́wàá ni àwọn Toll wọ̀nyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì mọ àmì tí ó ń ṣọ́.

Àrokò tí a kọ́kọ́ rí lò fún wọn tilẹ̀ ti jáde kí a tó mọ ẹni tí ń kà á. Ilé iṣẹ́ 3M ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ń wá oògùn fún fáírọ́ọ̀sì. Wọ́n ṣe èròjà kan tí kò pa fáírọ́ọ̀sì kankan nínú ìgò, ṣùgbọ́n ó gba àwọn ẹranko kékeré tí wọ́n fi dán an wò lọ́wọ́ àrùn. Ẹlòmíràn ìbá ti dà á nù. Èyí ni imiquimod, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí ní 1997 gẹ́gẹ́ bí ìpara fún àwọn kókó wẹẹrẹ tí fáírọ́ọ̀sì kan ń mú hù ní ojú ara, àti ní 2004 fún irú jẹjẹrẹ awọ ara kan. Ọdún 2002 ni Shizuo Akira àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Osaka ní Japan tó fi hàn pé Toll keje ni ń kà á. RNA fáírọ́ọ̀sì ni Toll keje ń ṣọ́. Imiquimod kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kò sì lè bí fáírọ́ọ̀sì. Ìrísí rẹ̀ nìkan ni ó tan oníbodè jẹ.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìpara, tí kì í ṣe oògùn mímu? Bí ènìyàn bá gbé e mì, yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri, gbogbo oníbodè yóò sì fọn fèrè ogun lẹ́ẹ̀kan náà: ibà, òtútù, ara ríro, bí ẹni tí àìsàn ńlá kọlù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àìsàn. Ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Jíjí oníbodè kò ṣòro. Kí ó jí níbi tí a fẹ́, ní ìwọ̀n tí a fẹ́, ni ó ṣòro. Nínú abẹ́rẹ́ Covaxin tí ilẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2021 fún àrùn kòrónà, èròjà kan tí ó jẹ́ ìbátan imiquimod ni wọ́n so mọ́ álọ́ọ̀mù kí ó má baà rìn jìnnà sí ojú abẹ́rẹ́.

Èyí tí a mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ti Toll kẹsàn-án. Ní 1995, Arthur Krieg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa ṣe àlàyé pé ohun tí ń jí ara nínú DNA bakitéríà ni lẹ́tà C tí G tẹ̀lé. Ìtẹ̀léra yìí ṣọ̀wọ́n nínú DNA ènìyàn, níbi tí ó bá sì wà, ara a máa fi àmì kékeré dé C lórí. C tí kò dé fìlà, àjèjì ni. Àwọn onímọ̀ wá so lẹ́tà 22 pọ̀ bí ẹni so owó ẹyọ. Nítorí pé àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ a máa gé irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ, wọ́n yọ ọ́síjìn kan ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi imí-ọjọ́ rọ́pò rẹ̀. Okùn yìí ni ó wà nínú Heplisav-B, abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú B fún àgbàlagbà, tí Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí ní 2017. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń gbà á, oṣù kan ni ó sì wà láàárín wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà ni ti àtijọ́. Ẹni tí ó bá mọ iye ènìyàn tí kì í padà wá gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta yóò mọ̀ pé ìyàtọ̀ yìí kò kéré. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100, láàárín ẹni ọdún 15 sí 64, ni àrùn náà wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àrokò ni ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Ní ìlú Auckland ní New Zealand ni wọ́n ti ṣe èròjà tí a ń pè ní DMXAA. Lára eku, kókó jẹjẹrẹ a máa kú, a sì pòórá lẹ́yìn tí eku bá gbà á. Inú àwọn oníṣègùn dùn. Wọ́n kó àwọn aláìsàn tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jọ, wọ́n ju 1,000 lọ, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní oògùn náà. Àwọn ènìyàn tí ọjọ́ tí ó kù fún wọn kò pọ̀ ni, tí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ìdánwò. Ní 2010, wọ́n dá a dúró, nítorí pé ẹ̀mí àwọn tí ó gbà á kò gùn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀ tó hàn. Oníbodè kan tí ń jẹ́ STING, tí kì í ṣe ara àwọn Toll, ni ń ka DMXAA. Eku ní STING, ènìyàn náà ní i, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà délẹ̀. DMXAA jókòó dáadáa sínú ti eku. Ti ènìyàn kò gbà á rárá. Kò tọ́ láti dá àwọn tí ó ṣe é lẹ́bi, nítorí ọdún 2008 ni a tó mọ̀ pé STING wà, nígbà tí oògùn náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ṣe èròjà tuntun fún STING, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó ti ń kọ́kọ́ dán an wò. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi jíìnì STING ti ènìyàn sí ara eku kí wọ́n tó fi eku náà ṣe ìdánwò.