Ibi tí Òpó Wà ni Ó Ń Pinnu Ibi tí Irin Yóò Wà: Bí Kọnkéré Onírin Ṣe Ń Gbé Ẹrù

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Toronto ni ó ń kọ́ ilé sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo láti òkèèrè. Owó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, àwòrán ni wọ́n ń rí gbà padà. Nínú àwòrán bẹ́ẹ̀, dẹ́kìnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà a máa tẹ́jú, a sì máa dán. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò sọ bóyá ilé náà yóò dúró ti wọ inú kọnkéré lọ, ojú kò lè rí i mọ́. Ohun náà ni irin: bí ó ti nípọn tó, iye rẹ̀, àti ní pàtàkì jù lọ, ibi tí a tò ó sí.

Ìdí tí kọnkéré fi nílò irin

Sìmẹ́ǹtì, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ni a pò pọ̀ di kọnkéré. Bí ó bá le tán, ìwà òkúta ni ó ń hù: ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kì í tètè ni ín lára, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá fà á a máa tètè ya á. Agbára tí ó fi ń kojú fífà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ó fi ń kojú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé jọ ọ́. Bí a bá fi ìka méjì tẹ orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀, kì í tètè fọ́. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, lójú ẹsẹ̀ ni yóò dá sí méjì.

Irin ní tirẹ̀ kì í bẹ̀rù fífà. Ní ọdún 1867, Joseph Monier, ológbà ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí ìkòkò òdòdó tí a fi kọnkéré àti irin ṣe. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó dàgbà di ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kọnkéré a máa di irin mú ṣinṣin, a sì máa dáàbò bò ó kí ó má baà tètè dípẹtà. Bí oòrùn bá mú, àwọn méjèèjì a máa fẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ọ̀kan kò fi ní í ja èkejì sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Òkè tàbí ìsàlẹ̀?

Bí a bá fi pákó dá afárá sórí odò kékeré, tí ènìyàn sì dúró sí àárín rẹ̀, pákó náà yóò tẹ̀ sísàlẹ̀. Ojú rẹ̀ òkè yóò fún pọ̀, ojú rẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bíìmù tí òpó méjì gbé ní ìpẹ̀kun méjèèjì: ìsàlẹ̀ ni fífà wà, ìsàlẹ̀ ni irin pàtàkì gbọ́dọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí ó bá kan báákóní, ìyẹn ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí ó yọ síta láìsí òpó lábẹ́ ìpẹ̀kun rẹ̀. Ẹni tí ó na apá síta, tí ó sì gbé korobá omi dání, mọ̀ pé orí èjìká ni iṣan ti ń fà. Lára báákóní pẹ̀lú, òkè ni fífà wà, pàápàá níbi tí ó ti so mọ́ ilé. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, kí ó sì wọ inú dẹ́kìnì ilé lọ jìnnà. Bí a bá tò ó sí ìsàlẹ̀ bíi ti yàrá, tàbí bí àwọn tí ń da kọnkéré bá fi ẹsẹ̀ tẹ irin òkè rì, irin náà lè pé ní iye, ṣùgbọ́n kò sí níbi iṣẹ́.

Bí bíìmù kan bá gun òpó mẹ́ta, ìwà méjèèjì a pàdé: láàárín òpó sí òpó, ìsàlẹ̀ ni ó ń nà, lórí òpó àárín, òkè ni.

Ìṣòro yìí kò yọ àwọn olókìkí sílẹ̀. Ilé Fallingwater, tí Frank Lloyd Wright ya àwòrán rẹ̀, tí a sì kọ́ ní Pennsylvania ní àwọn ọdún 1930, ní pẹpẹ kọnkéré ńlá tí ó yọ sórí ìṣàn omi. Irin inú àwọn bíìmù rẹ̀ kò tó, pẹpẹ náà sì ń rọ̀ sísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí a fi fi okùn irin tí a fà le gbé e ró ní ọdún 2002.

Òpó tí kò sí nínú ìṣirò

Ewu kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ onílé kì í fura sí. Bí báákóní bá bẹ̀rẹ̀ sí í là, ẹnìkan a dábàá pé kí a gbé òpó sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Òpó náà jọ ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti sọ báákóní di bíìmù olópòó méjì: fífà ti lè ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ àárín, níbi tí irin kò tó. Bákan náà, ẹni tí ó bá yọ òpó àárín kúrò kí pálọ̀ lè fẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irin òkè, ó sì ti di ẹrù ru ìsàlẹ̀ ju bí a ti ṣírò rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé òpó tuntun burú nígbà gbogbo. Ìṣirò ẹnjiníà ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Òfin yìí kan náà ni ó de àwọn igi tí a fi gbé pákó ró. Agbára tí kọnkéré ní ní ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà sábà máa ń fi ṣe ìṣirò. Bí àkókò bá tó láti yọ igi lábẹ́ yàrá, àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ òpó. Lábẹ́ báákóní, ìpẹ̀kun ìta ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ bọ̀ sí ara ilé. Ẹni tí ó bá fi igi ìpẹ̀kun sílẹ̀ dé ìgbẹ̀yìn ti sọ ọ́ di òpó tí kò sí nínú ìṣirò.

Nítorí náà, àwòrán tí ó yẹ kí onílé tí ó wà lókèèrè béèrè ni èyí tí a yà ṣáájú ọjọ́ tí a ó da kọnkéré. Níbẹ̀ ni a ti lè rí i bóyá irin báákóní wà lókè, bóyá ó wọ inú ilé, àti bóyá bísíkíìtì, àwọn ègé kọnkéré kéékèèké tí ń gbé irin kúrò lára pákó, wà ní ipò wọn. Kí ẹnjiníà tí COREN forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sì yẹ irin náà wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí kọnkéré bá ti bo irin, àyẹ̀wò ojú lásán ti pẹ́ jù.