Business Admin ní póòlì: ẹ yé fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ẹ sì yé fi jókòó de ọ́fíìsì

Tí àkókò admíṣọ̀n bá ti dé báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ láti Ìrẹ̀sà Adú títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, títí lọ dé Ọ̀yọ́. Ọmọ mú Law, JAMB kò gbè é. Ó mú Accounting, máàkì kò tó. Nígbà tó yá, orúkọ rẹ̀ jáde ní póòlì fún ND Business Administration. Bàbá dákẹ́. Ìyá ní, "Ṣáà máa kà á ná, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ wàá tún JAMB ṣe." Àwọn ọ̀rẹ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp. Ká má tan ara wa, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, Business Admin ni kọ́ọ̀sì ẹni tí kò rí nǹkan mìíràn kà, póòlì sì ni iléèwé ẹni tí kò rí yunifásítì wọ̀.

Èmi kò sí lára wọn. Mo ka kọ́ọ̀sì yìí ní póòlì, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo sì mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ lónìí: Business Admin dáa fún ẹni tó bá ní òwò kan nítòsí tó fẹ́ fi tún ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá ń kà á nítorí kó lè rí tábìlì àti ẹ̀rọ amúlétutù jókòó tì, àfàìmọ̀ kó má kábàámọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Ọdún 2 ni ND. Tí èèyàn bá parí rẹ̀, á lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún 1, èyí tí gbogbo wa ń pè ní IT, kó tó padà wá ka HND fún ọdún 2 mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan NYSC. Ìrẹ̀sà Adú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Súrùlérè, ṣùgbọ́n ọmọ ibẹ̀ tó bá fẹ́ ka póòlì ní láti di ẹrù rẹ̀. LAUTECH tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, yunifásítì ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ agbègbè yìí fi ń lọ sí Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìrèé àbí Ìbàdàn. Ní báyìí, póòlì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ayédé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògo Olúwa, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi yòówù kéèyàn fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá NBTE, àjọ tó ń mójú tó àwọn póòlì láti 1977, fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà níbẹ̀, kó tó san kọ́bọ̀.

Nínú kíláàsì, wàá ka ìṣirò owó, ètò ọrọ̀ ajé, òfin okòwò, Statistics àti bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́. Kò ní pẹ́ tí wàá fi pàdé bàbá kan tó ń jẹ́ Henri Fayol. Ará Faransé ni, ẹnjiníà tó darí ilé iṣẹ́ tó ń wa èédú. Ní 1916 ló gbé ìlànà 14 jáde lórí bó ṣe yẹ kéèyàn máa darí iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́. Gbogbo wa la kọ́ ọ sórí bí ọmọ kéwú. Tí wọ́n bá bi wá nínú ìdánwò, a óò kà á láìmí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú wa lọ sí ìsọ̀ ìyá aláṣọ kan ṣoṣo, ká lọ wo bí òun náà ṣe ń pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ibi tó kù sí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò gàrí

Agbègbè Ìrẹ̀sà àti Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ pákí ni, ilẹ̀ kajú àti máńgòrò sì ni pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká fi gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Owó ọjà ń yí lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ má wo iye tí mo fẹ́ pè, ìṣirò rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Ká ní ìyá kan ra pákí 40,000 náírà. Ó san 6,000 fún ẹlẹ́rọ tó bá a lọ̀ ọ́. Igi ìdáná gba 5,000. Àpò àti owó mọ́tò dé ọjà gba 7,000. Ó wá ta gàrí náà ní 65,000. Ẹ bi í pé èló ló jẹ lórí ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo rí 25,000," torí pé owó pákí nìkan ló yọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo owó tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 58,000. 7,000 péré ni èrè rẹ̀.

Kò tíì tán o. Òun àti ọmọ rẹ̀ ló fi odindi ọjọ́ 4 bó o, tí wọ́n fún un, tí wọ́n sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì yan án nínú èéfín. Ẹ pín 7,000 fún èèyàn 2 fún ọjọ́ 4, 875 náírà ló máa kan ẹnì kan lójúmọ́. A ò tíì ka agbada tó ń jẹrà lọ lórí iná, a ò ka èyí tí wọ́n bù jẹ nílé, a ò sì ka èyí tó tà láwìn.

Ọgbọ́n yìí gan-an ni wọ́n ń kọ́ wa nínú kíláàsì pẹ̀lú orúkọ ńláńlá. Ìyá yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Kò kàn sẹ́ni tó jókòó tì í ṣe ìṣirò rẹ̀ ni. Tó bá ti mọ̀ pé 875 ló ń jẹ lójúmọ́, ó lè pinnu bóyá kí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn dáwó ra ẹ̀rọ, àbí kó tọ́jú gàrí di ìgbà tó bá wọ́n, àbí kó tiẹ̀ fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kajú. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, tí kò kọ iye tó tà á lọ́dún tó kọjá sílẹ̀, iye tí oníbàárà bá pè náà ló máa gbà.

"Ṣé àwọn bàbá wa ka Business Admin ni?"

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ lọ́kàn. Rárá, wọn ò kà á. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ. Ẹ béèrè ìtàn àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó lọ sí Ghana. Kó tó di 1969, wọ́n ń tajà ní Tamale àti láwọn ọjà mìíràn lápá òkè Ghana, àwọn àti àwọn ọmọ Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin. Wọ́n á mú àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n láti ilé, ọmọ náà á máa kiri ọjà, á máa sin ọ̀gá rẹ̀, títí tí wọ́n á fi fún un lówó pé kóun náà lọ dá dúró. Iléèwé ni ìyẹn, ó sì lè gùn ju ND lọ dáadáa.

Ní November 18, 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀pọ̀ ló fi ọjà, ilé àti owó tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ sá wálé. Ọgbọ́n òwò tí wọ́n ti kọ́ ló jẹ́ kí àwọn kan tún lè dìde. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó bá wà lórí ẹnì kan ṣoṣo, tí kò sí nínú ìwé kankan, ó rọrùn láti pòórá. Ìwọ náà wo àdúgbò rẹ. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ló ti kú tẹ̀ lé ẹni tó ni ín, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó àti ẹni tí wọ́n jẹ? Ìwé kò wá rọ́pò ọgbọ́n bàbá wa. Ó wá bá wa tọ́jú rẹ̀ ni.

Ìjọba náà ń dá kún un

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ẹnu aráyé nìkan ni wàhálà póòlì. Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó ti pẹ́ tí ẹni tó ní HND máa ń dé ìpele 14 tí ọ̀nà á dí mọ́ ọn, nígbà tí ojúgbà rẹ̀ tó ní BSc ń gòkè lọ. Ní 2021, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá tó fẹ́ fòpin sí ìyàtọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àbá kì í di òfin títí Ààrẹ á fi buwọ́ lù ú, òfin pàápàá kì í sì í ṣiṣẹ́ tí ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ kò bá tẹ̀ lé e. Ìjọba tó ń kọ́ póòlì tuntun, tó wá ń fojú kéré ìwé tí póòlì ń fúnni, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Community college ni wọ́n ń pe iléèwé ọlọ́dún 2 tiwọn. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú wọn, Joliet Junior College ní Illinois, ti wà láti 1901. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ń lọ síbẹ̀, torí pé owó rẹ̀ kéré sí ti yunifásítì, tí wọ́n bá sì ṣe tán, wọ́n lè gba ibẹ̀ wọ yunifásítì lọ parí. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ ń ka Business Administration ní community college ní Houston á gbé fọ́tò rẹ̀ sórí status. Èyí tó ń ka ohun kan náà ní Ọ̀fà, wọ́n á ní kó lọ tún JAMB ṣe. Kí ló dé? Nílé níbí náà, ọ̀nà wà. Ẹni tó bá fi Upper Credit jáde ní ND lè gba Direct Entry wọ yunifásítì, kó bẹ̀rẹ̀ láti 200 Level.

Ìwọ tí orúkọ rẹ jáde

Má fi ọdún IT rẹ ra búrẹ́dì àti mínírà fún ọ̀gá ní ọ́fíìsì tí kò ti sí iṣẹ́. Wá ibi tí ọjà ti ń wọlé tó ń jáde: ilé ìkẹ́rù-sí kajú, ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣọ́ọ̀bù ńlá. Tó bá di ìgbà tí o máa kọ project, má ṣe da èyí tí àwọn tó ṣáájú rẹ kọ lórí ìwúrí òṣìṣẹ́ kọ. Kọ ọ́ lórí òwò ìyá rẹ. Tí òwò náà bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí bánkì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àpò ìyá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìtìjú ran ọmọ lọ síléèwé. Ọmọ tó bá lọ kàwé pẹ̀lú ìtìjú, ìwé ẹ̀rí nìkan ló máa mú bọ̀.

Ìwọ ọmọ náà, kó tó di ọjọ́ ìwọlé, ra ìwé kan tí kò ju ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Jókòó ti ìyá rẹ, kẹ́ ẹ jọ máa kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí olùkọ́ bá máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ èrè àti àdánù, wàá ti ní ìbéèrè tìrẹ lọ́wọ́.