Ibi Tí Spider-Man Wà Lẹ́yìn Tí O Bá Tẹ Àwòrán Ọkàn

Bí ọmọdé bá ṣí áàpù tí wọ́n fi ń wo àwọn akọni inú ìwé kọ́míìkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó rí Spider-Man, tó sì tẹ àwòrán ọkàn kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọkàn náà á pupa fòò. Ọmọ náà á gbà pé Spider-Man ti di tòun nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pa ohun tó wà nínú bíráwúsà rẹ́ kí fóònù lè yá, gbogbo akọni tó ti kó jọ á di àwátì. "Níbo ni wọ́n lọ?" Ìbéèrè yìí ní ìdáhùn tó lè yé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì ń dùn mí pé a kì í sábà ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Wọn ò lọ síbì kankan, torí wọn ò fìgbà kan gbé inú fóònù náà.

Áàpù irú èyí kì í sábà ní akọni kankan nínú ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni àwọn akọni ni àkọsílẹ̀ wọn wà. Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà ṣí ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní API, kí ẹni tó bá mọ áàpù kọ lè máa béèrè nípa àwọn ẹ̀dá ìtàn wọn, àwọn ìwé tí wọ́n ti jáde, àtàwọn tó kọ ìwé náà. Káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ áàpù ló ti ibẹ̀ kọ́ ọ, nítorí náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ni màá fi ṣàlàyé.

Ẹ̀dá ìtàn tó wà nínú àkọsílẹ̀ Marvel yẹn lé ní 1,500, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà náà kì í dá gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá béèrè láì sọ iye, 20 ni wàá gbà. 100 ni òpin ohun tí o lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ojú tuntun fi ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń fi ìka yí ojú fóònù sókè: áàpù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà lọ béèrè ni. Ìbéèrè náà níye pẹ̀lú, 3,000 lóòjọ́ fún áàpù kan, gbogbo ẹni tó ń lò ó ló sì jọ ń pín in. Ẹni tó bá tẹ "spider" sínú àpótí ìṣàwárí tẹ lẹ́tà 6. Bí áàpù bá ń béèrè nígbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá wọlé, ó ti ná ìbéèrè 6 lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n kọ dáadáa máa ń dúró díẹ̀ kí ìka rẹ sinmi, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tó lọ béèrè ẹyọ kan.

Ohun tó ń gbà padà kì í ṣe àwòrán. Ọ̀rọ̀ lásán ni: orúkọ akọni, àlàyé kúkurú nípa rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, àti àdírẹ́sì ibi tí àwòrán rẹ̀ wà. Bíráwúsà ló tún máa wá lọ gbé àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ibí ni mo ti máa ń mọ ẹni tó ro ti àwọn tó ń fowó ara wọn ra dátà, torí oríṣiríṣi ìwọ̀n ni Marvel gbé àwòrán kan náà sí. Èyí tó kéré jẹ́ pixel 50 níbùú àti 75 lóròó, èyí tó tóbi sì jẹ́ 300 sí 450. Ìlọ́po 36 ni ńlá fi ju kékeré lọ. Kò sí ìdí kankan láti gbé ńlá wá fún ojú tí kò tó èékánná lórí fóònù.

Ẹnu ọ̀nà náà ní kọ́kọ́rọ́ méjì fún áàpù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tí gbogbo ayé lè rí àti ọ̀kan tó jẹ́ àṣírí. Wọn kì í fi èyí àṣírí ránṣẹ́. Áàpù á pa á pọ̀ mọ́ àkókò àti kọ́kọ́rọ́ gbangba, á kó gbogbo rẹ̀ gba inú ìṣirò MD5, èyí tí Ron Rivest ṣe ní 1991, ohun tó sì máa jáde jẹ́ ààmì 32 tí kò jọ ohunkóhun tó wọlé. Marvel á ṣe ìṣirò kan náà lọ́dọ̀ tiwọn. Bí ó bá dọ́gba, wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá kọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí sínú ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráwúsà ti fi hàn gbogbo ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Inú server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹni tó ni áàpù, ló yẹ kó wà.

Wàyí o, ọkàn pupa. Nígbà tí ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni áàpù kọ sílẹ̀: 1009610. Spider-Man nìyẹn lọ́dọ̀ Marvel. 1009368 ni Iron Man. Kí ló dé tí kò kọ orúkọ? Peter Parker tí Stan Lee àti Steve Ditko gbé jáde ní 1962 ń jẹ́ Spider-Man, Miles Morales tó dé ní 2011 náà ń jẹ́ ẹ. Orúkọ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nọ́ńbà lè yà wọ́n. Àyè kan nínú bíráwúsà tí wọ́n ń pè ní localStorage ni nọ́ńbà náà ń lọ. Bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń fi èédú fa ilà sára ògiri fún ẹni tó jẹun láwìn ni: ilà náà kì í ṣe oúnjẹ, ara ògiri yẹn nìkan ló wà, bí wọ́n bá sì kun ilé, ó parẹ́. Bí ọmọ náà bá padà dé lọ́la, áàpù á ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn, á tún lọ béèrè lọ́wọ́ Marvel, á sì kun ọkàn wọn ní pupa bí wọ́n ṣe ń dé.

Àyè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Ó tó bíi megabyte 5, nọ́ńbà oníye 7 ò sì gba nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìṣòro ni pé ohun tí o kọ sínú Chrome, Firefox ò ní rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ orí fóònù kan náà. Ojú ìwé àdáni á gbàgbé gbogbo rẹ̀ tí o bá tì í. Láti 2020 ni Safari ti Apple sì ti ń pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, bí ènìyàn bá ti lo Safari fún ọjọ́ 7 láì fọwọ́ kan ojúlé áàpù náà.

Ọ̀nà kejì ni kí àkọsílẹ̀ wà nínú server, lábẹ́ orúkọ ẹni tó wọlé. Níbẹ̀, nọ́ńbà méjì ló ń dúró pọ̀, ti ẹni tó fẹ́ràn àti ti akọni tó fẹ́ràn, fóònù tuntun ò sì ní dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà, mi ò sì fara mọ́ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ káàkiri nítorí akọni. Fún áàpù ọmọdé, mo fara mọ́ localStorage, bí wọ́n bá fi bọ́tìnì kan sí i tó ń da àwọn nọ́ńbà sínú fáìlì tí òbí lè tọ́jú, tó sì lè kó wọn padà.

Ọmọ tó bá wá Ngozi, ọmọbìnrin Nàìjíríà tí Nnedi Okorafor kọ ìtàn rẹ̀ fún Marvel ní 2017, ilé iṣẹ́ tó tọ́ ló ti ń béèrè. Ṣùgbọ́n bó bá wá Iyanu, akọni Roye Okupe tí Dark Horse tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 2021, kò ní rí nǹkan kan, áàpù ò sì bàjẹ́: tiwọn nìkan ni Marvel ń fúnni. Ó wù mí kí àwọn méjèèjì wà lójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ kejì, nọ́ńbà inú àkọsílẹ̀ méjì sì lè pàdé ara wọn. Kò ní lè kọ 1009610 lásán mọ́. "Marvel:1009610" ló máa kọ, kó sì ti fi orúkọ ilé iṣẹ́ síwájú gbogbo nọ́ńbà àtijọ́ kí Iyanu tó wọlé.