Alárenà àti Ọ̀mùtí: Ẹ̀rín nínú Sinimá Íńdíà

Bí a bá dárúkọ sinimá Íńdíà, láti Kétu títí dé Àjàṣẹ́, orin àti ijó ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí, lẹ́yìn náà ẹkún ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Wọn kì í sábà mẹ́nu kan ẹ̀rín. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ibi tí ẹ̀rín wà gan-an ni ìṣesí ilé àti ti ìgboro wọn ti ń hàn jù.

Àpẹẹrẹ kan ni Sholay, tí ó jáde ní ọdún 1975. Ọ̀rẹ́ méjì, Veeru àti Jai, ni ó wà níbẹ̀. Veeru fẹ́ fi Basanti ṣe aya, obìnrin tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó èrò. Ní Íńdíà, ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì péré. Ìdílé ni ó ń bá ìdílé sọ̀rọ̀. Nítorí náà, Veeru rán Jai lọ ṣe alárenà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ó jẹ́ ẹbí ìyá Basanti, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ìyá náà béèrè ohun tí gbogbo alágbàtọ́ ń béèrè: èló ni ọkùnrin náà ń mú wálé? Jai dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé bí ẹrù aya àti ọmọ bá ti dé ọrùn rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó. Ṣé kò rí owó báyìí ni? Ó ń rí i o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń jẹ. Nígbà mìíràn a máa pàdánù. Ṣé ó ń ta tẹ́tẹ́ ni? Rárá, ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n bí ọtí bá ti wọra tán, ta ni ó tún mọ ire yàtọ̀ sí ibi? Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń lọ, títí ó fi dé orí ilé obìnrin akọrin tí Veeru máa ń yà sí. Nígbà tí ìyá béèrè ìran tí ó ti wá, Jai ní bí àwọn bá ti mọ̀ ọ́n, kíá ni àwọn yóò wá sọ fún un.

Jai kò purọ́ kankan. Ohùn ìyìn ni ó fi sọ gbogbo rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbi ìtọrọ ìyàwó rí mọ̀ pé iṣẹ́ alárenà ni láti gbé ìwà rere síta, kí ó sì rọra bo àlébù. Jai tú gbogbo àlébù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Ni Veeru bá mutí yó, ó gun àgbá omi gíga abúlé, ó ní òun yóò bẹ́ sílẹ̀, títí ìyá fi gbà.

Ọ̀mùtí mìíràn ti gbajúmọ̀ ṣáájú Veeru. Badruddin Jamaluddin Kazi ni orúkọ rẹ̀. Ó ń gba owó ọkọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Bombay, ìlú tí a ń pè ní Mumbai lónìí, a sì máa fi àwàdà dá èrò lára yá. Òṣèré Balraj Sahni rí i, ó ní kí ó lọ bá Guru Dutt, tí ó ń darí sinimá. Ó wọlé bí ẹni tí ó ti mutí yó, ó ń rìn ségesège. Guru Dutt fún un ní ipa nínú Baazi, ní ọdún 1951, ó sì fi orúkọ ọtí sọ ọ́: Johnny Walker. Ọkùnrin tí gbogbo Íńdíà mọ̀ sí ọ̀mùtí yìí kì í fi ọtí kan ẹnu. Nínú Pyaasa, ní ọdún 1957, ó di ẹni tí ń fi òróró ra orí oníbàárà, tí ó ń kọrin pè wọ́n. Iṣẹ́ gidi nìyẹn ní ìgboro Íńdíà. Àwọn gbajámọ̀ pàápàá ń ṣe é.

Orin náà kò bọ́ lọ́wọ́ àwàdà. Nínú sinimá wọn, akọrin ni ó sábà ń kọrin, òṣèré kàn ń mi ètè ni. Padosan, ti ọdún 1968, sọ àṣà yìí di ẹ̀fẹ̀: ọkùnrin kan tí kò mọ orin kọ dúró lójú fèrèsé, ó ń la ẹnu sí ọmọbìnrin aládùúgbò rẹ̀, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fara pamọ́ tí ó ń kọrin. Kishore Kumar ni ọ̀rẹ́ náà, akọrin ńlá tí ó ti bá ọ̀pọ̀ òṣèré kọrin bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n nínú Padosan kan náà, olùkọ́ orin kan wà, ará ìhà gúúsù tí èdè rẹ̀ jẹ́ Tamil, tí wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó ń sọ Hindi bí àlejò. Ẹ̀rín yẹn ní oró nínú. Ẹ̀rín Jai kò bú ìran ẹnikẹ́ni. Ti Padosan ń bú odidi ẹ̀yà. Ó sì yani lẹ́nu, nítorí àwọn Tamil ní sinimá tiwọn ní ìlú Chennai, wọ́n sì ní aláwàdà tiwọn. Nínú Kadhalikka Neram, ti ọdún 1964, Nagesh jẹ́ ọmọ olówó tí ó fẹ́ ya sinimá. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ń sọ ìtàn tí ó ń dẹ́rù bani fún un, ó ń fi ẹnu ṣe ariwo ìlẹ̀kùn àti ti ẹsẹ̀; bàbá olówó náà sì ń gbọ̀n lórí àga rẹ̀.