Ṣọ́ọ̀bù Onítáyà Ẹ̀gbọ́n Mi: Ọgbọ́n Ju Agbára Lọ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá pé ni ó sábà máa ń rí ọ̀nà púpọ̀. Ní ti ẹni tí ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó mọ̀ lè dí mọ́ ọn lójú. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Bódìjà, kò jìnnà sí ọjà ńlá tí gbogbo Ìbàdàn ti ń ra ẹ̀wà, ata àti èlùbọ́. Ọmọ ọdún 3 ni wọ́n wà nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dá wọn dúbúlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì wọn sì rọ títí di òní. Ní ìgbà náà, oògùn tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu kò tíì kárí àdúgbò wa. Ọpẹ́ ni pé ayé ti yí padà: ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé àrùn náà, irú èyí tí ó ti ń jà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n kí ìyá ọmọ má ṣe tìtorí èyí fà sẹ́yìn nínú oògùn náà, nítorí ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn ṣì ń yọjú.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní táyà méjì lábẹ́. Alaalẹ́ ni a ń tì í wọ inú ọgbà, àràárọ̀ ni a ń tì í jáde sí ẹ̀bá títì. Ọmọkùnrin kan ni ó ń bá wọn tò ó, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà rí iṣẹ́ sí ìdí ọkọ̀, ó lọ. Títì kò nira, nítorí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń ran wọ́n lọ́wọ́. Títò ni ìṣòro: a ó fi òkúta dí táyà, a ó fi pákó gbé e kí ó dúró déédéé, a ó gbé ilẹ̀kùn iwájú sókè, a ó sì gbé omi àti ìkòkò sí àyè wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, kí òkúta tó dé ẹ̀yìn táyà, ṣọ́ọ̀bù náà yọ̀, ó ń lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dá a dúró, wọ́n sì ṣubú. Ọpẹ́lọpẹ́ gọ́tà tí ó gba táyà kan mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí wọn ni ì bá gùn. Nígbà tí mo dé, wọ́n jókòó sí ẹ̀bá títì, wọ́n ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára.

"Àbúrò mi, ó tó gẹ́ẹ́," ni wọ́n wí. "N ó ta ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹ ó wá máa ṣe?"

"N ó jókòó sílé kí ẹ máa bọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Obìnrin tí ó fi owó ìrẹsì rán ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń sọ pé kí á máa bọ́ òun! Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó, mo ń wò wọ́n, n kò sọ̀rọ̀. Ìgbà 14 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà 6 ni wọ́n gbé ohun wúwo. Mo wá rí i pé kì í ṣe oúnjẹ sísè ni ó ń pa wọ́n, bí kò ṣe bíbẹ̀rẹ̀ àti gbígbé.

Àwọn Òyìnbó ní ilé onítáyà tí wọ́n ń fi mọ́tò fà lọ síbi ìsinmi. Dókítà kan, William Gordon Stables, ti ní irú rẹ̀ ní 1885. Ẹṣin méjì ni ó ń fà á. Lónìí, àwọn tí ara wọn kò le mọ́ nínú wọn ń lo jáàkì oníná, wọ́n sì ní ẹ̀rọ kékeré tí ń yí táyà ilé náà kí ènìyàn má bàa tì í. Owó ẹ̀rọ wọ̀nyí ga jù wá lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò gba owó: gbé iṣẹ́ kúrò nílẹ̀ wá sí ibi ìbàdí. Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ jórinjórin kan lọ, èyí sì ni ohun tí a ṣe.

Èkíní, kí ṣọ́ọ̀bù dúró déédéé. A fi ìgò tí omi kò kún dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Ibi tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá sá lọ ni ó ga. Táyà apá kejì ni àwọn ọ̀dọ́ ó tì gun pákó pẹlẹbẹ. Nígbà tí a mọ pákó tí ó tọ́, a fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí táyà ń dúró, a kò sì wọ̀n ọ́n mọ́.

Èkejì, ìdí táyà. A gé igi líle dípò òkúta, a kan ọ̀pá gígùn mọ́ ọn. Ní ìdúró ni ẹ̀gbọ́n mi ń tì í sí abẹ́ táyà. Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kí igi tó wà níwájú àti lẹ́yìn táyà.

Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ irin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a ń fi irin gígùn yí sọ̀kalẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀. Kí ṣọ́ọ̀bù má mì ni a ṣe ṣe é. Kì í ṣe láti gbé e sókè.

Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀kùn iwájú. A fi okùn kọ́ àpò yanrìn sí òdìkejì rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, yanrìn pọ̀ jù, ilẹ̀kùn fò sókè, ó sì gba fìlà lórí mi! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú. A ń bu yanrìn kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ kan fi lè gbé ilẹ̀kùn náà.

Ìkarùn-ún, omi. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ó kún wúwo ju kílò 25 lọ. A fi kẹ́ẹ̀gì lítà 5 márùn-ún rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan kò bọ́ sí i. Mo fẹ́ ṣe ọ̀nà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí wọ́n máa gbà wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò fún irú rẹ̀ ni 1 sí 12. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù fi sẹ̀ǹtímítà 50 ga, nítorí náà ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 6. Àárín títì ni ì bá dé! A fi í sílẹ̀, a gbé tábìlì ìbùpọn sí ẹ̀gbẹ́, a sì ra àga gíga tí wọ́n ń jókòó lé ní ìta.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni a fọwọ́ sí òfin ìjọba àpapọ̀ tí kò fẹ́ kí a ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ọnà àbáwọlé wọn ṣe, ọdún náà sì pé ní 2024. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹ wo iwájú ilé yín: ǹjẹ́ ẹni tí ó ń fi ọ̀pá rìn lè kọjá gọ́tà yín láìsí pé ẹnìkan dì í mú?

Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń bá ẹ̀gbọ́n mi ti ṣọ́ọ̀bù, n kò tíì rí ọgbọ́n dá sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ó ń tò ó, kò sì tó ìdajì wákàtí mọ́. Ní oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin ọjọ́sí padà wá bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀.

"Jókòó kí o jẹun," ni wọ́n sọ fún un, "ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ẹsẹ̀ ń dùn, kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ kọ́kọ́ jókòó kí ẹ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà.