Gbèsè Tí Wọ́n Jẹ Ní Orúkọ Wa

Nígbà tí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa gbèsè, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn: ìwọ̀fà. Ọ̀dọ́ tí ó ń ka ìwé yìí lè má mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Bí baba ilé kan bá nílò owó, bóyá láti sìnkú tàbí láti san ìtanràn, yóò lọ yá a lọ́wọ́ olówó, yóò sì fi ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà níbẹ̀. Ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe kì í dín gbèsè kù rárá, nítorí èlé ni wọ́n ka iṣẹ́ náà sí. Bí ó lo ogún ọdún lóko, iye tí baba rẹ̀ yá ní ọjọ́ kìn-ín-ní náà ni yóò wà nílẹ̀, títí ẹnìkan yóò fi rí gbogbo rẹ̀ san. Ọmọ náà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka owó náà fún baba rẹ̀.

Àkàwé yìí ni mo fi ń wo gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè, èyí tí àwọn ajìjàgbara káàkiri ayé ń pariwo lé lórí lónìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, pé láti Paris tàbí Brussels ni ó ti wá bá wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àjàṣẹ́ yìí, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Gùn ń pè ní Hogbonu, ti wà nínú ìjà náà tipẹ́tipẹ́.

Láti ibi òfin kan ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1900, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin pé kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà lábẹ́ wọn máa fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà ìṣàkóso rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni yóò máa san owó oṣù ẹni tí ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní Dahomey, owó orí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1899. Ní ọdún 1904, wọ́n tún ètò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé tò, owó bodè gbogbo sì di ti Dakar. Ìyálọ́jà tí ó ra ìgàn aṣọ kan ní etí ọ̀sà wa níhìn-ín ń fi owó ránṣẹ́ sí Dakar láìmọ̀. Ìjọba Dakar náà sì ń yá owó ní Paris: mílíọ̀nù 65 owó fráǹkì ní ọdún 1903, mílíọ̀nù 100 ní ọdún 1907, fún ojú irin, èbúté àti àwọn iṣẹ́ mìíràn. N kò sọ pé ojú irin kò wúlò. Àwọn ìyá wa kó ẹrù nínú ọkọ̀ ojú irin Pobè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ọmọ Àjàṣẹ́ kan tí wọ́n pè kí ó wá fọwọ́ sí ìwé. Àwọn ni wọ́n sì fi ṣe ìwọ̀fà.

Lẹ́yìn ogun ńlá ti ọdún 1914 sí 1918, ọjà epo àti èkùrọ́ já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ti bá ogun lọ, àwọn kan kò padà. Ìgbà náà gan-an ni ìjọba fi kún owó orí. Ní oṣù kejì ọdún 1923, àwọn ará Àjàṣẹ́ péjọ, wọ́n ní àwọn kò san. Wọn kò gbé ìbọn. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n jókòó sílé, wọ́n ti ìsọ̀; àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Cotonou náà sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Gómìnà Gaston Fourn dáhùn pẹ̀lú àwọn sójà tí wọ́n kó wá láti àwọn ilẹ̀ tí ó yí wa ká, ó sì fi ìlú sábẹ́ òfin ológun. Òtítọ́ ni pé ìjà oyè ọba àti ìjà láàárín àwọn Mùsùlùmí ìlú, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá, wọnú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan nínú àwọn ènìyàn wa wà lẹ́yìn gómìnà. Ẹni tí ó bá ní gbogbo ìlú ni ó fi ohùn ṣọ̀kan ń pa ìtàn dà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ìjọba lé àwọn tí ó kà sí olórí ọ̀tẹ̀ lọ sí Mauritania, nínú aṣálẹ̀. Sognigbé tí ó ń du oyè ọba wà nínú wọn. Louis Hunkanrin náà wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, olùkọ́ ni, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Saint-Louis ti Senegal. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Ó dá ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Ajàfẹ́tọ̀ọ́ Ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Faransé sílẹ̀ ní Dahomey ní ọdún 1914. Ó mọ ohun kan tí gómìnà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀: pé ẹjọ́ tí a kò lè rò ní Àjàṣẹ́, a lè gbé e lọ síbi tí gómìnà kò ti lágbára. Ní ọdún 1920, òun àti Max Bloncourt, agbẹjọ́rò tí ó jẹ́ ọmọ Guadeloupe, dá ìwé ìròyìn Le Messager dahoméen sílẹ̀ ní Paris. Bloncourt yìí kan náà ni a tún rí nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ amúnisìn tí ó gbé ìwé ìròyìn Le Paria jáde ní ọdún 1922. Ọmọ Vietnam kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ayé wá mọ̀ sí Ho Chi Minh. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1925 nípa ìwà àwọn amúnisìn Faransé, ó mẹ́nu ba owó orí tí wọ́n ń gbà ní Dahomey.

Ọmọ Àjàṣẹ́ mìíràn tún wà, Kojo Tovalou Houénou, tí a bí ní ọdún 1887, ọmọ oníṣòwò ọlọ́rọ̀. Láti kékeré ni ó ti wà ní ilẹ̀ Faransé. Ó kàwé, ó di agbẹjọ́rò, ó gba ìwé ọmọ ilẹ̀ Faransé, ó ń bá àwọn ọlọ́lá Paris jẹun. Ní ọdún 1923 kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí ó wá ṣe fàájì lù ú ní ilé ọtí kan ní Montmartre, nítorí pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ jókòó níbi tí wọ́n jókòó sí. Lẹ́yìn èyí ni ó dá ẹgbẹ́ tí yóò máa gbèjà ìran adúláwọ̀ káàkiri ayé sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìròyìn Les Continents, ní ọdún 1924. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ó wà ní New York, ó ń bá ìpàdé ńlá Marcus Garvey sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ni ó pa ìwé ìròyìn náà kí ọdún tó parí. Òun fúnra rẹ̀ kú sí ẹ̀wọ̀n ní Dakar ní ọdún 1936.

Ní ti Hunkanrin, ohun tí ó ṣe ní Mauritania ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kí ó máa sunkún ìyà ara rẹ̀. Ó rí i níbẹ̀ pé wọ́n ṣì ń fi ènìyàn ṣe ẹrú lójú àwọn ajẹlẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń fi òpin òwò ẹrú yangàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1931. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé nítorí owó orí ìlú rẹ̀ ń jà fún àwọn tí kì í ṣe ará ìlú rẹ̀, tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ó padà sílé ní ọdún 1933. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ìjọba Pétain fi gorí àga ní Vichy. Ìjọba yìí ni ó fi òfin lé àwọn Júù kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, tí ó pa ìbò àti òmìnira tì, tí ó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ àti ìran ni ó ń sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Dakar tẹ̀lé Vichy. Ààlà Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, àwọn ará Kétou àti Pobè sì mọ ojú ọ̀nà rẹ̀ ju ẹ̀ṣọ́ bodè lọ. Hunkanrin ran àwọn tí ó fẹ́ lọ bá ọmọ ogun de Gaulle lọ́wọ́ láti kọjá sí ọ̀hún. Wọ́n tún mú un, wọ́n lé e lọ sí Sudan ti Faransé, tí a ń pè ní Mali nísinsìnyí, kò sì padà títí di ọdún 1947. Ẹ kíyè sí i: ilẹ̀ Faransé tí ó fìyà jẹ ẹ́ náà ni ó ń bá ja ogun yìí. Àwọn kan lè pè é ní òmùgọ̀. Lójú tèmi, ó mọ̀ pé àwọn tí ó wà ní Vichy lè burú ju Fourn lọ.

Ní ọdún tí ó dé yìí gan-an, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, bẹ̀rẹ̀ ìjà owó orí tiwọn. Ìyẹn yẹ fún àpilẹ̀kọ tirẹ̀.

Òmìnira dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, gbèsè kò sì lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1988, àwọn báńkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀. Ní ọdún 1989, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lo oṣù púpọ̀ láìgba owó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò rí owó ìrànwọ́ wọn gbà, ìyanṣẹ́lódì gba ìlú kan. Àwọn àgbà Àjàṣẹ́ ṣì ń rántí olùkọ́ tí ó ń ta gààrí lẹ́yìn ilé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba fọwọ́ sí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé pẹ̀lú Àjọ Ìṣúná Àgbáyé àti Báńkì Àgbáyé. Ọmọ ìlú bínú, ó sì di Àpérò Gbogbogbòò oṣù kejì ọdún 1990, tí a mọ̀ bí ẹní mowó. Ohun tí a kì í sọ tó ni pé gbèsè wà nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n tún gé iye owó CFA sí ìdajì: gbèsè tí a jẹ ní owó òkèèrè di ìlọ́po méjì nínú owó wa láàárín ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé a yá kọ́bọ̀ kún un.

Ẹnìkan ti kìlọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1987, Thomas Sankara dìde níwájú àwọn olórí Áfíríkà ní Addis Ababa. Ó ní àwọn tí ó yá wa lówó ni àwọn tí ó mú wa sìn, pé kí gbogbo wa kọ̀ pọ̀, nítorí bí orílẹ̀-èdè òun bá dá kọ̀, òun kò ní sí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún kan náà.

Àwọn mìíràn gbé e láti ibẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1998, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 70 ènìyàn di ọwọ́ ara wọn mú ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yí ibi tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ti ń ṣe ìpàdé ká, kí wọ́n lè fagi lé gbèsè àwọn tálákà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá arúgbó láti inú ìjọ. Wọn kò mọ Àjàṣẹ́. Síbẹ̀, nínú ètò tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ mú gbòòrò ni a ti yọ apá kan gbèsè Benin kúrò, ní ọdún 2003. Ó ní ohun tí wọ́n ní kí a ṣe kí ó tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́wọ́ pé gbèsè náà kò tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Haiti, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó ní etíkun wa yìí bọ́ sí, dúró de ìjẹ́wọ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ọdún 1825, nígbà tí ọba Charles Kẹwàá bu mílíọ̀nù 150 fráǹkì lé wọn lórí nítorí pé wọ́n gba ara wọn lóko ẹrú.

Lónìí a tún ti ń yá owó. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, Benin gba mílíọ̀nù 500 owó Yúrò ní ọjà owó àgbáyé, a sì ti tún lọ lẹ́yìn náà. Èmi kò wà lára àwọn tí ó ní kí a má yá owó mọ́. Ọ̀nà àti ilé ìwòsàn kì í hù bí olú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín ọdún 1907 àti àkókò yìí, n kò sì rò pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń lò ó tó. Títí di ìgbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2019, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1990 sọ pé àdéhùn tí ó bá de owó ìlú pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè kò lè dúró láìsí òfin tí Ilé Aṣòfin ṣe. Òfin ìnáwó ọdọọdún náà, tí iye tí ìjọba fẹ́ yá wà nínú rẹ̀, Ilé Aṣòfin kan náà ni ó ń gbà á wọlé. Kì í ṣe Cotonou ni Ilé náà wà. Àjàṣẹ́ níhìn-ín ni, nínú ìlú tí wọ́n ti ìsọ̀ ní ọdún 1923, tí Hunkanrin sì kú sí ní ọdún 1964.