Ilé-Ìkàwé Tí Ń Fi Èdè Tọrẹ

Láti ọdún 1906 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀ pé àlejò tí ó bá fẹ́ di ọmọ onílùú níláti lè sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó sì di ọdún 1950 wọ́n fi ìwé kíkà àti ìwé kíkọ kún un. Ṣùgbọ́n òfin tí ó mọ ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ àlejò tó báyìí kò dárúkọ ilé tí onítọ̀hún yóò ti lọ kọ́ èdè, kò yan olùkọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò bi í léèrè bóyá ó ní owó tí yóò fi san owó ẹ̀kọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú gbìyànjú, a kò ní jẹ́ kí ọpẹ́ tiwọn sọnù. Síbẹ̀, ilé kan wà ní àdúgbò gbogbo tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wá kọ́ èdè, tí kì í bèèrè ẹ̀sìn rẹ̀, tí kì í sì wádìí ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ rẹ̀, ilé náà sì ni ilé-ìkàwé ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò fi òfin rán ní iṣẹ́ yìí.

Kí a tó dé orí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí a mọ bí ilé náà ṣe débẹ̀. Boston ni ìlú ńlá tí ó kọ́kọ́ fi ìdí ilé-ìkàwé ọ̀fẹ́ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1848, tí wọ́n sì ṣí i ní 1854. Lókè ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n kọ́ fún un ní 1895 ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí ara òkúta pé ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ohun tí àdúgbò tálákà pẹ̀lú lè ní, àlejò ni òun tìkára rẹ̀. Andrew Carnegie, ọmọ ahunṣọ ará Dunfermline ní ilẹ̀ Scotland, bá àwọn òbí rẹ̀ dé Amẹ́ríkà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 12, ilé-iṣẹ́ òwú ni ó sì ti kọ́kọ́ jẹun. Ọkùnrin kan, Colonel James Anderson, tí ó ní ìwé bí 400, máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kí wọ́n wá yá ìwé kà. Carnegie wà lára wọn, kò sì gbàgbé. Nígbà tí irin sọ ọ́ di olówó tabua, ọlọ́rọ̀ tí ọrọ̀ rẹ̀ ju ti ọba lọ, ó kọ́ ilé-ìkàwé tí ó ju 2,500 lọ káàkiri ayé, ó sì fún ìlú New York nìkan ní $5.2 mílíọ̀nù ní 1901. Àdéhùn rẹ̀ ni pé òun yóò kọ́ ilé, ìlú ni yóò wá ilẹ̀ tí yóò sì máa fi owó ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn òṣìṣẹ́ irin tí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Homestead ní 1892, nígbà tí wọ́n bá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jà nítorí owó ọ̀yà, lè ní ohun mìíràn láti sọ nípa ọwọ́ olóore yìí, èmi kò sì ní bá wọn jiyàn. Àdéhùn yẹn náà ṣá ni ó jẹ́ kí ilé-ìkàwé di ti ìlú, tí kò bá ẹni tí ó kọ́ ọ kú.

Ní àkókò náà, àwọn Júù láti Rọ́ṣíà àti Pólàǹdì pẹ̀lú àwọn ará Ítálì ni wọ́n ń gba erékùṣù Ellis rọ́ wọ New York. Ilé-ìkàwé Seward Park, tí wọ́n ṣí ní 1909 láàárín àwọn Júù tálákà ní ìhà ìlà-oòrùn Manhattan, ní ibi ìkàwé lórí òrùlé rẹ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí àwọn tí yàrá wọn há gádígádí. Ogun 1914 sí 1918 wá sọ ìfẹ́ àlejò di ìfura, òfin 1924 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn pa mọ́ àlejò pátápátá.

Ẹni tí ó tún un ṣí ni Ààrẹ Lyndon Johnson, tí ó fọwọ́ sí òfin tuntun ní ìsàlẹ̀ ère Òmìnira ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1965. Láti ìgbà náà ni ẹkùn Queens ní ìlú New York ti di ibi tí ará Ṣáínà, ará Bangladesh, ará Ecuador àti ará Kòríà ti ń gbé ojúlé kan náà, tí olúkúlùkù sì ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ láìmọ bí yóò ti kí i. Ilé-ìkàwé Queens, tí ó ti wà láti 1896, dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ọdún 1977, kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá kò gbẹ́yìn. Lọ́tìrì físà tí òfin 1990 dá sílẹ̀ mú ọ̀pọ̀ wá láti Nàìjíríà, ó sì mú àwọn ará wa láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá, àwọn ọmọ Alákétu tí ó mọ Faransé dunjú, tí wọ́n lè fi Yorùbá dá àṣamọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ògiri níwájú wọn.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ilé-ìkàwé ń gbà kọ́ni. Èkíní ni kíláàsì gan-an, tí olùkọ́ tí a ń sanwó fún ń darí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọ́ yóò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò, kí wọ́n lè mọ ipele tí yóò jókòó sí, yóò sì máa wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìpa á jẹ. Àyè kò pọ̀, àwọn tí ó fẹ́ ẹ pọ̀; níbòmíràn kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò wọlé, a sì ń kọ orúkọ àwọn yòókù sílẹ̀ kí wọ́n máa retí. Èkejì ni agbo ìtàkùrọ̀sọ, èyí tí mo gbà pé òun ni ọkàn iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni a kò náwó lé.

Kò sí ìdánwò níbẹ̀. Tábìlì ni, àga yí i ká, ará ìlú kan tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, bóyá tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì, jókòó sí ìdí rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan lélẹ̀ kí gbogbo wọn máa sọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ ooru ilé. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, òfin New York pàṣẹ fún onílé kí ó máa mú kí ilé ayálégbé móoru, bí ó bá sì kọ̀, nọ́ńbà 311 ni a ń pè láti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Òfin yìí kò wúlò fún ẹni tí kò lè ṣí ẹnu pè é. Nítorí náà ẹnìkan yóò ṣe bí onílé, ẹnìkan yóò ṣe bí ayálégbé tí òtútù ń mú. Onílé yóò wí àwáwí, ayálégbé yóò wá èsì. Ìyàwó ilé kan tí kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ láti ìgbà tí ó ti ń bọ̀ yóò bínú gidi sí onílé ayédèrú náà, gírámà yóò ṣubú, ọ̀rọ̀ yóò jáde, agbo yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ìjọba ìlú pẹ̀lú City University of New York tilẹ̀ ti ṣe fíìmù kéékèèké fún irú agbo báyìí láti 2009, lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ilé-ìwé ọmọ àti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, èyí tí à ń pè ní We Speak NYC nísinsìnyí.

Ìyá Yorùbá tí ó bá jókòó sí agbo náà a máa bá ìṣòro mìíràn pàdé tí kò sí nínú ìwé kankan. Olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, wọ́n sì ní kí ìyá máa fi orúkọ náà pe baba arúgbó tí orí rẹ̀ funfun báláú. Báwo ni ẹnu yóò ti gbà á? Òmíràn a máa pè é ní “Sà” títí ọdún yóò fi yí po, òmíràn a sì kọ “Ìyá Táyọ̀” sí bébà tirẹ̀, tí àwọn ará Ṣáínà àti ará Mẹ́síkò yóò sì máa pè é mọ́ ọn lára bí orúkọ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ.

Àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni òfin há mọ́ jù. Ìjọba gbà pé kí ẹni tí ó ti pé ọmọ 50 ọdún, tí ó sì ti lo 20 ọdún pẹ̀lú káàdì ìgbélùú, tàbí ẹni 55 tí ó ti lo ọdún 15, ṣe ìdánwò ọmọ onílùú ní èdè abínibí rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wá mú ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété nígbà tí ó ti di ẹni 60, tí ó sì ti tọ́ ọmọ-ọmọ fún ọdún márùn-ún, kò sí nínú ìyọ́nú yìí. Àfi bí àìsàn bá gba ẹnu rẹ̀ sọ, òun náà yóò ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì kọ ọ́ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Àlejò lójú, kò fi ríran. Kí a má tilẹ̀ wá sọ ti àlejò tí wọ́n ní kí ó kàwé pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ kò sì wá nítorí ìdánwò. Nítorí ọmọ ni wọ́n ṣe wá. Ọmọ a tètè gbọ́ èdè ìlú tí ó ti bá ara rẹ̀, ní kò pẹ́ kò jìnnà ó di ògbufọ̀ ìdílé: òun ni yóò bá onílé sọ̀rọ̀, òun ni yóò ka lẹ́tà ilé-ẹjọ́, òun ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò dúró láàárín ìyá rẹ̀ àti dókítà, tí yóò máa sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ gbọ́ nípa ara ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó sọ òwe náà kò ní lọ́kàn pé kí ọmọdé máa bá wa gbé gbogbo ẹrù inú ilé.

Àwọn tí ń yọ̀ǹda ara wọn yìí, obìnrin kan ṣáájú wọn tí ó yẹ kí a kà mọ́ àwọn ẹni ńlá. Ruth Colvin, ará Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York, rí i nínú ìkànìyàn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà ni kò mọ̀wéé kà ní ìlú òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ olùkọ́ tí kì í gbowó nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní 1962. Nígbà tí ó yá, ó kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tí ń kọ́ àlejò ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Ààrẹ ní 2006, ó sì kú ní 2024 ní ẹni ọdún 107. Mo yìn ín. Síbẹ̀ èmi kò rò pé ó bójú mu kí ìjọba tí ó fi òfin béèrè èdè máa fi ìpèsè rẹ̀ ti ẹni tí ó bá ráyè ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ìparí 2023, nígbà tí New York dín owó ilé-ìkàwé kù, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kọ́kọ́ gé kúrò, ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ àti àwọn agbálẹ̀ lè rí àyè. Àárín 2024 ni wọ́n tó dá owó náà padà.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ tí ó sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìjọba àpapọ̀, ohun tí orílẹ̀-èdè náà kò tíì ṣe rí láti ìgbà ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, owó ẹ̀kọ́ àgbà wà lára owó tí ìjọba kan náà dá dúró, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ kí oṣù tó parí. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, ìbéèrè tí ẹni tí ń ṣe ìdánwò ọmọ onílùú níláti mọ̀ ti kúrò ní 100, ó di 128. 10 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀, tí ènìyàn sì níláti gba 6, nísinsìnyí 20 ni, ó sì níláti gba 12. Ẹni tí ó ti fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ń ṣe ti àtijọ́, ẹni tí ó fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe tuntun, nítorí náà ohun tí olùkọ́ níláti kọ́kọ́ bi ẹni tí ó bá wá jókòó nísinsìnyí ni ọjọ́ tí ó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lè mọ irú ìbéèrè tí yóò gbé síwájú rẹ̀.